Ẹ́ńjìnnì Àlòkù àti Ọwọ́ Bàbá Mi

Ẹni tí ó bá ṣèèṣì wọ ilé mi ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, tí ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, tí mo tẹjú mọ́ ọkọ̀ ojú irin kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lè rò pé nǹkan ti ń ṣe mí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tilẹ̀ bi mí léèrè pé, "Alàgbà, ṣé ìgbà èwe ni ẹ padà sí ni?" Mo rẹ́rìn-ín. N kò bínú, nítorí pé bí a kò bá sọ ìdí abájọ fún ènìyàn, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Ìdí abájọ náà ni mo fẹ́ sọ lónìí fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àlòkù kan ni: bí mo ṣe rà á, bí mo ṣe tún un ṣe, àti ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ níbi tí mo ti ń tún un ṣe.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé fún ọkọ̀ ojú irin kékeré. Wọ́n á tẹ́ irin fún un, wọ́n á kọ́ ibùdókọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ṣe igi tí kò ga ju ìka lọ sí etí ọ̀nà, iná mànàmáná ni yóò sì máa gbé ọkọ̀ náà sáré. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nídìí iṣẹ́ yìí ni Frank Hornby, ọmọ ìlú Liverpool, tí ó gba ìwé àṣẹ lórí Meccano ní ọdún 1901. Pẹlẹbẹ irin oníhò ni Meccano, tí àwọn ọmọdé ń fi nọ́ọ̀tì so pọ̀ láti fi kọ́ afárá àti ilé. Ní ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí kí ó tó sáré. Ní ọdún 1938, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Hornby, ni wọ́n gbé èyí tí ó kéré sí i jáde, tí wọ́n pè ní Hornby Dublo.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Tri-ang wọ ìdí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré. Lines ni orúkọ ìdílé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìtumọ̀ Lines ní èdè wọn ni 'ìlà'. Bí ìlà mẹ́ta bá sì pàdé, igun mẹ́ta ni wọn yóò di. Ohun tí ó bí orúkọ náà nìyẹn. Ike ni Tri-ang fi ń ṣe ara ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, nítorí náà owó rẹ̀ kò ga, ọmọ òṣìṣẹ́ lásán náà sì lè rí i rà. Ní ọdún 1964, àwọn oní-Tri-ang ra ilé iṣẹ́ tí Hornby fi sílẹ̀. Ní ọdún 1971, àwọn náà wọko gbèsè. Ní ọdún 1972, ọjà náà di Hornby Railways. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn pọ̀ débi pé wọ́n ṣì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí di òní. Irú wọn ni mo rà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Manchester. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó mú mi lọ sí pápá kan ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí àwọn ènìyàn ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò wọn sílẹ̀ tí wọ́n pàtẹ ohun àlòkù: àwo, bàtà, ìwé, kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ọjà òkìríkà tiwa ni mo rántí, àfi ti òtútù tí ó wà níbẹ̀. Nínú páálí kan, láàárín ṣíbí àti kọ́kọ́rọ́ tí ó ti dípẹtà, ni mo ti rí ẹ́ńjìnnì dúdú kan. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ni 47606.

Bí mo ṣe gbé e, ilé ni ọkàn mi lọ. Bàbá mi jẹ́ fítà ní ilé iṣẹ́ àtúnṣe rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta. Ọdún 1959 ni wọ́n wọ iṣẹ́, ọdún 1994 ni wọ́n fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn ọ́ìlì tí ó wà lára aṣọ kákí wọn ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n ti wọlé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá wa ti fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2021, ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu wọn. Bí a bá kí wọn, wọ́n á dáhùn; bí a bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á dúpẹ́; ó parí. Mo rò ó pé bóyá irin yìí lè mú wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá arúgbó kan ni ó ń tà á. Nígbà tí ó rí i pé òpè ni mí, kò rẹ́ mi jẹ. Ńṣe ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ dorí ẹ́ńjìnnì kodò kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹwà òkè a máa tan ènìyàn jẹ. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi ìka yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tipátipá, nítorí pé eyín tí ń gbé e yí lè kán. Ó ní kí n wò ó bóyá ihò èéfín rẹ̀ àti ìkọ́ tí ó fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá ti sọnù lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni a ó tú kí a tó rí i. Ó tún ní kí n wo irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti ń sán. Àdàlù síńkì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ irú irin bẹ́ẹ̀. Bí òjé bá ṣèèṣì wọ inú àdàlù náà nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, irin náà yóò máa wú, yóò máa sán, títí yóò fi rún wómúwómú bí àkàrà tí ó ti gbẹ. Irú ìyẹn kò ní àtúnṣe.

Lákòótán, ó tọ́ka sí ìwé pélébé tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó kọ sí pé òun kò tíì dán an wò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní níbikíbi tí n bá ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ọjà, kí n mọ̀ pé wọ́n ti dán an wò, kò ṣiṣẹ́ ni. Pọ́n-ùn 18 ni ó pè é. Mo ná an bí ẹni tí ó wà ní ọjà Bódìjà, ó sì gbà ní 14. Ó fi irin tí ó ṣeé tò ní òbìrípo àti kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́ta ṣe ènì fún mi.

Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, mo gbé ẹ́ńjìnnì náà síwájú bàbá lórí tábìlì. Wọn kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dorí ẹ́ńjìnnì náà kodò gẹ́gẹ́ bí arúgbó Manchester ti wí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn.

"Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà," ni wọ́n wí. "Ṣọ́ńtà ni. Inú ọgbà ni irú èyí ń gbé. Òun ní í to àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù kí ẹ́ńjìnnì ńlá tó wá fà wọ́n lọ."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n wò ṣe èyí, Jinty ni ìnagijẹ rẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. 422 irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 1924 sí 1931, iṣẹ́ inú ọgbà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọjọ́ ayé wọn ṣe.

"Tíṣà, mú rúlà irin mi wá." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn bí inú wọn bá dùn.

Wọ́n wọn àárín irin méjèèjì tí ẹ́ńjìnnì náà ń gùn: mìlímítà 16 àti ààbọ̀. Wọ́n bi mí pé ìlọ́po mélòó ni ẹ́ńjìnnì tòótọ́ fi ju èyí lọ. Mo ní ìlọ́po 76. Wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́yìn ìwé ìròyìn àtijọ́ kan: 1254. Wọ́n mi orí.

"Irin àwọn òyìnbó fẹ̀ ní 1435. Tiwa tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, 1067 ni. Èyí kò sí nínú méjèèjì. Ta ni ó wọ̀n ọ́n fún wọn?"

Ìbéèrè yìí ni àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù lọ. Nígbà tí àwọn yòókù pinnu láti dín gbogbo nǹkan kù ní ìlọ́po 87, ẹ̀rọ tí ó wà nígbà náà kò gba inú ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì tí a bá dín kù tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá mú ara ẹ́ńjìnnì tóbi sí i, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Nígbà tí mo ka èyí fún bàbá, wọ́n ní, "Wọ́n gbé ẹ̀wù àgbà wọ ẹlẹ́sẹ̀ ọmọdé," wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn.

Iná fóòtì 12 ni ẹ́ńjìnnì náà ń lò, irú iná tí ń rìn lọ́nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. N kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí iná rẹ̀, nítorí náà bátìrì ọ̀kadà ni mo gbé wá. Bí mo ṣe fẹ́ fi wáyà kan irin, bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n lọ wá gílóòbù iná bíréèkì mọ́tò, kí n so ó sí àárín ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì. Wọ́n ní bí ohun gbogbo bá dára, gílóòbù yóò kàn pọ́n ráńpẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì rìn. Ṣùgbọ́n bí iná bá rí ẹ̀bùrú gbà, tí kò gba inú ẹ̀rọ kọjá, gílóòbù ni yóò gba ìyà náà jẹ: yóò tàn yòò, wáyà kò sì ní jó.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gílóòbù tàn yòò. Ẹ́ńjìnnì kò mira.

"Ohun tí kò yẹ kí ó kan ara wọn ti ń kan ara wọn níbì kan," ni bàbá wí. "Tú u."

A tú ara ike rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní X04, kò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Òòfà kan wà níbẹ̀. Ọ̀pá kan wà tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ lójú mẹ́ta. Òrùka bàbà tí ó pín sí mẹ́ta wà lórí ọ̀pá náà, kábọ́ọ̀nù méjì tí kò tó hóró àgbàdo sì ń fi ara ra á láti ọ̀tún àti òsì. Àwọn ni ó ń gbé iná wọlé. Sípíríìngì kan tí ó ní apá méjì ni ó ń tì wọ́n mọ́ ọn. Ní ìpẹ̀kun ọ̀pá náà, irin kan wà tí ara rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí ó wọnú eyín kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí arúgbó Manchester fi ní kí n má fi ìka yí kẹ̀kẹ́: ìgbín lè yí eyín, ṣùgbọ́n eyín kò lè yí ìgbín.

Bàbá gbé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá sójú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. "Apá sípíríìngì yìí méjèèjì wà níhòòhò. Ó yẹ kí ọ̀kan wọ ẹ̀wù. Bí kò bá wọ ẹ̀wù, iná tí ó gba apá kan wọlé yóò kàn gba ara irin jáde, kò ní dé inú wáyà bàbà rárá." Mo bọ́ rọ́bà ara wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo gé e ní ìwọ̀n, mo kì í bọ apá sípíríìngì kan. A tún fi iná kan án. Gílóòbù pọ́n ráńpẹ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó fò díẹ̀, ó dúró, ó tún fò. Ó ń rìn bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, ṣùgbọ́n ó rìn.

Ní Sátidé kejì ni a bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó. Sípíríìtì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí wọ́n tó gúnni lábẹ́rẹ́ ni a fi nu òrùka bàbà náà títí tí ó fi pọ́n dẹ̀dẹ̀. Igi ìtayín ni a fi ha àlàfo mẹ́ta tí ó wà láàárín rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rún kábọ́ọ̀nù tí ó bá dí ibẹ̀ ni ó ń mú kí ẹ̀rọ náà máa fò. Ọ́ìlì àtijọ́ ti le bí oje igi lára kẹ̀kẹ́. A yọ gbogbo rẹ̀. A ṣọ́ra kí sípíríìtì má kan ara ike, kí ó má bàa ṣí ọ̀dà rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun tí a ó fi sí i, èyí tí àwọn télọ̀ ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Orí abẹ́rẹ́ ni a fi ń gbé e, ẹ̀kán kan fún ojú kan. Bàbá ni ó ń pàṣẹ, èmi ni mo ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì náà fa kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́ta yípo láìdúró.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ dá ara rẹ̀ padà sórí ẹsẹ̀, bàbá mú nọ́ọ̀tì kan tí kò tó orí ìṣáná. Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn dè é. Ó bọ́. Mo ṣà á fún wọn. Ó tún bọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yí gba abẹ́ àga lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ìwé ìdánwò tí mo ní láti máàkì sì ga bí òkè lórí tábìlì kejì. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, bàbá. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n." Mo gba ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ wọn.

Wọn kò fèsì. Wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì, ọwọ́ tí ó fi ọdún 35 tú irin tí ó tóbi ju ènìyàn lọ tí ó sì dè é padà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọ ọwọ́ náà, wọ́n wọ yàrá lọ. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn kò fi jókòó sí ìdí tábìlì náà mọ́.

Ènìyàn tí ó bá ṣẹ̀ tí kò fẹ́ gbà pé òun ṣẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń wá ṣe. Mo sọ fún ara mi pé n ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe débi tí yóò fi dà bí tuntun, kí inú wọn lè yọ́. Mo tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀. Mo yọ nọ́ọ̀tì tí ó di òòfà mú, mo fa òòfà náà jáde, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lé orí ìwé di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo tò ó padà, ẹ̀rọ náà ń yí, kódà ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí irin, kò lè fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ṣoṣo. Gílóòbù ń tàn ju bí ó ti yẹ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ara rẹ̀ gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ ilé ìwé fún bí ọgbọ̀n ọdún. N kò mọ̀ pé n kò tíì kọ́ ọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kan ilẹ̀kùn bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. N kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òòfà; láti orí nọ́ọ̀tì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọjọ́sí kò yẹ kí ó ti ẹnu mi jáde." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́. Ìyẹn kọ́ ni ó dùn mí. Ohun tí ó dùn mí ni pé o gbà á." Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n béèrè pé báwo ni ẹ́ńjìnnì.

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe dárúkọ òòfà báyìí, wọ́n dá mi dúró.

"Nígbà tí o fà á yọ, irin wo ni o fi dí ẹnu rẹ̀?"

"N kò fi nǹkan kan dí i, sà."

"Ó ti tú dànù nìyẹn."

Wọ́n ní irú òòfà àtijọ́ bẹ́ẹ̀, irin tí ó yí i ká ni ó ń bá a pa agbára rẹ̀ mọ́. Agbára náà ń gba inú irin yípo láti ojú kan dé ojú kejì. Bí a bá fà á yọ láìfi irin mìíràn so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, púpọ̀ nínú agbára náà yóò lọ, kò sì ní padà bí a bá tò ó padà. Bí òòfà bá sì rẹ̀, ẹ̀rọ á máa sáré lásán, á máa jẹ iná, á máa gbóná, kò sì ní lè fa ẹrù. Gbogbo ohun tí ojú mi rí ni wọ́n kà sílẹ̀ lórí ibùsùn láìtíì wo ẹ́ńjìnnì náà. Ká ní mo fi wọ́n sílẹ̀ sí ìdí tábìlì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe yẹn.

Mo kọ̀wé sí àbúrò mi. Ó bá mi wá òòfà tuntun tí wọ́n ń tà fún irú ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n fi nídímíọ̀mù ṣe, tí ó kéré ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ pọ̀. Ó fi rán ẹnì kan tí ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì. Ní ọjọ́ tí ó dé, bàbá ti jókòó sí ìdí tábìlì kí n tó pè wọ́n. A ti rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ ọwọ́: wọ́n ká aṣọ ìnura, wọ́n gbé ọrùn ọwọ́ lé e, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ ẹnu irin tí a fi ń dè é kí ó má bàa bọ́. Èmi di tọ́ọ̀ṣì mú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ gígùn àti títóbi ọwọ́ ni òwe náà ń sọ. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ó ń sọ ni pé kí àwọn méjèèjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n de nọ́ọ̀tì náà. Ó gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. N kò sọ̀rọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ara ẹ́ńjìnnì náà ti ha níbi púpọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti pa rẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fẹ́ kùn ún ní dúdú tuntun. Bí mo ṣe dojú ara ike náà dé láti nu inú rẹ̀, mo rí ìwé tí ọmọdé kan fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀: orúkọ rẹ̀, àti ọdún 1961. Lẹ́tà kan nínú orúkọ náà kọ ẹ̀yìn síwájú. Ọmọ náà yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí bí ó bá wà láyé. Mo fi han bàbá, mo bi wọ́n pé kí ni kí á ṣe.

"Ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe," ni wọ́n wí. "Èyí kò bàjẹ́. Ó pẹ́ láyé ni."

A kò kùn ún. A kàn nù ún. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀ di òní.

Mo ti ronú lórí gbólóhùn bàbá yìí ju bí mo ti rò lọ, nítorí pé iṣẹ́ tèmi náà kò jìnnà sí i. Àwa olùkọ́ Yorùbá a máa bá ìwé àtijọ́ pàdé, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí ìlànà àkọtọ́ ọdún 1974 tó dé, tí ó ń kọ 'aiye' àti 'enia'. Bí a bá tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí a sọ 'aiye' di 'ayé', kábọ́ọ̀nù ni a pààrọ̀. Ẹ̀rọ náà yóò lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ń kà á lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ yàn, nítorí pé a rò pé tiwa dùn jù ú lọ, ọ̀dà ni a fi bo orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó yẹ kí olùtúnṣe mọ̀yàtọ̀ láàárín ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí ó kàn pẹ́ láyé.

Ní sáà kejì ọdún 2024, mo gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ sí kíláàsì. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n má ya ọ̀rọ̀ kankan lò bí kò bá pọn dandan. Ọmọkùnrin kan ní kò ṣeé ṣe, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan wọ̀nyí. Mo ní kí ó sọ ohun tí òòfà ń ṣe. Ó ní, "Ó ń fa irin." Mo ní kí ó tún orúkọ rẹ̀ pè, kí ó gbọ́ 'fà' nínú rẹ̀. Ó dákẹ́, ó sì kọ ojú ewé méjì. Òun ni ó sọ nínú àròkọ rẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ eléyín ń jẹ ìkarahun ìgbín lọ láìyó. N kò rí ohun tí mo lè tún ṣe níbẹ̀.

Ní báyìí, bí ọjọ́ Sátidé bá dé, a ó tẹ́ irin sílẹ̀ ní pálọ̀, a ó gbé bátìrì ọ̀kadà wá. A kò yọ gílóòbù bíréèkì náà. Bàbá ní ẹni tí ó gbà wá lọ́wọ́ iná lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹni tí à ń lé jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ti òru ọjọ́ kan tí wọ́n tún ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe di ìdájí, ti fáyàmáànù kan tí ó máa ń yan iṣu lórí ṣọ́bìrì, ti ìyá wa tí ó ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Ìtàn ìkẹyìn yìí, n kò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bóyá ẹ kò ní rí ẹ́ńjìnnì àlòkù rà, kò sì pọn dandan kí ẹ rà á. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan bá wà nílé yín tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nídìí iṣẹ́ tí ó mọ̀, ẹ má gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú.